Kí Ọyẹ́ Tó Dé, Ẹ Tún Ihò Èéfín Yín Ṣe

Ìgbà ara là ń búra, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní ìlú Jọ́ọ̀sì ni ó yẹ kí ẹni tí ilé rẹ̀ ní ààrò nínú pálọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí tún un ṣe, nítorí pé ọyẹ́ kì í ránṣẹ́ kí ó tó wọlé.

Ìlú náà ga tó nǹkan bí 1,200 mítà ju òkun lọ, òtútù rẹ̀ kò sì kéré. Nígbà tí àwọn òyìnbó tí ń wa tánńganran ń kọ́ ilé síbẹ̀ ní ayé ìjọba amúnisìn, wọn a máa fi bíríkì mọ ààrò sí ara ògiri, wọn a sì la ihò tí yóò gbé èéfín jáde lórí òrùlé. Ihò náà ni à ń pè ní ṣímínì. Irú ààrò bẹ́ẹ̀ ṣì wà, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ti di ibi ìkẹ́rùsí. Èyí tí a kò dáná sí láti ọdún pípẹ́ gan-an ni ó léwu jù lọ ní ọjọ́ tí ẹnìkan bá ṣàdédé kó igi sí i.

Ewu méjì ni ó wà níbẹ̀. Èkínní ni iná. Bí igi tútù bá ń jó, èéfín rẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ ara ihò náà, gẹ́gẹ́ bí dúdú ti í lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò, títí yóò fi ki bí ọ̀dà títì. Èyí lè gbiná lọ́jọ́ kan, kí ó sán bíríkì, kí iná sì ràn dé igi àjà. Èkejì ni afẹ́fẹ́ olóró tí à ń pè ní kábọ́ọ̀nù mónóksáìdì. Bí ìtẹ́ ẹyẹ tàbí bíríkì tí ó wó bá dí ihò náà, inú yàrá ni afẹ́fẹ́ yìí yóò padà sí. Kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ni ó máa ń kọ́kọ́ mú wá. Ẹni tí ó bá sì ti sùn lè má jí mọ́.

Dúdú èéfín fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí lásán. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, àwọn ọmọdé ni wọ́n ń rán gun inú ihò èéfín láti gbá a. Ní ọdún 1775, oníṣègùn Percivall Pott ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù kọ ọ́ sílẹ̀ pé dúdú yìí ń fa àrùn jẹjẹrẹ sí àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà lára. Ní ọdún 1875, ọmọdékùnrin kan, George Brewster, há sínú ihò èéfín ilé ìwòsàn kan nítòsí Cambridge, ó sì kú. Ọdún náà gan-an ni òfin tuntun jáde láti fòpin sí àṣà yìí. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ iṣẹ́ náà.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ó kéré tán, iná gbọdọ̀ ti kú láti ọjọ́ kan. Ẹ kó àga àti ẹní kúrò, ẹ fi tapólì bo ilẹ̀, kí ẹ sì wọ ìbòmú, ìbọ̀wọ́ àti awò tí yóò dáàbò bo ojú. Ẹ kó eérú sínú garawa onírin, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ dé e, kí ẹ sì gbé e síta. A kò gbọdọ̀ kó o sínú ike, nítorí pé ẹ̀yinná lè fara pamọ́ sínú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì àti dígí wo inú ihò náà láti ìsàlẹ̀. Bí ó bá tọ́, tí ẹ kò sì rí ojú ọ̀run, nǹkan kan ti dí i. Ẹ wá búrọ́ọ̀ṣì onírin tí ó bá ihò náà mu, tí a lè máa so ọ̀pá mọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi aṣọ nípọn bo ẹnu ààrò, kí ẹ ti búrọ́ọ̀ṣì náà gba àárín aṣọ, kí ẹ máa tì í, kí ẹ máa fà á, títí yóò fi dé òkè. Ẹ dúró fún wákàtí kan kí eruku lè rọlẹ̀. Bí ohun tí ó wà níbẹ̀ bá le, tí ó ń dán, tàbí tí bíríkì inú rẹ̀ ti sán, ẹ pe bíríkìlà tí ó mọṣẹ́.

Ní ti bíríkì ojú ààrò, ẹ kọ́kọ́ gbọn eruku rẹ̀ dànù. Ẹ fi omi lásán rin ín, kí ó má baà fa ìdọ̀tí mu, kí ẹ wá fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Búrọ́ọ̀ṣì onírin kò yẹ níhìn-ín, yóò ha á. Bí bíríkì bá sì ti gbó tí ó ń rún, ẹ má ṣe bu omi sí i rárá.

Bí gbogbo rẹ̀ bá parí, ẹ tan bébà kan nínú ààrò. Bí èéfín bá gòkè, ó dára. Bí ó bá padà sí pálọ̀, ẹ má ṣe dáná. Igi tí ó ti gbẹ fún oṣù mẹ́fà sí ọdún kan ni kí ẹ máa lò, kí ẹ sì máa gbá ihò náà lọ́dọọdún.

Ẹni tí kò ní ihò èéfín nílé ńkọ́? Ìkòkò èédú tí a gbé wọ yàrá, tí a sì ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé mọ́, ń tú afẹ́fẹ́ olóró kan náà jáde, kò sì ní ọ̀nà àbájáde kankan. Kúbùsù sàn ju ooru tí ń pani lọ.