Imber: Abúlé tí ó ku ilé Ọlọ́run àti ibojì

Àwọn àgbà ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gba ilé mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ ńkọ́? Ohun tí ojú àwọn ará Imber rí nìyẹn, abúlé àgbẹ̀ kan ní Wiltshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá, ọdún 1943, nígbà ogun Hitler, àwọn ológun pè wọ́n jọ sí ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n ní kí wọ́n kó kúrò láàárín ọjọ́ 47, kí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lè fi abúlé náà kọ́ ìjà ìgboro. Bí 150 ènìyàn ni ó kó ẹrù. Ìrètí wọn ni pé bí ogun bá parí, àwọn yóò padà. Wọ́n sọ pé ńṣe ni alágbẹ̀dẹ abúlé dorí kodò níbi owú rẹ̀, tí ó ń sunkún. Kò pẹ́ ni ó kú. Imber náà ni wọ́n gbé e padà sí láti sin ín.

Ogun parí ní 1945, wọn kò dá abúlé padà. Ní 1961, èrò rẹpẹtẹ wọ́ lọ síbẹ̀ láti béèrè fún un. Pàbó ni ó já sí. Àwọn ilé ti di ahoro, ilé Ọlọ́run Saint Giles nìkan ni ó dúró gbọn-in.

Lọ́dọọdún, nígbà tí oṣù Kẹsàn-án bá ń wọlé, ìsìn máa ń wà níbẹ̀. Ibi tí a sin baba ẹni sí, kò lè di ilẹ̀ àjèjì.