Ohun tí Yorùbá ń Pè ní Tíì: Àlàyé lórí Àṣà Tíì Mímu àti Àwọn Ohun tí Ó ń Darí Rẹ̀

Bí olùwádìí kan bá mú ìwé ìbéèrè dání wọ agboolé kan ní Ìbàdàn tàbí ní Òṣogbo, tí ó sì bi ìyá ilé léèrè bóyá ó máa ń mu tíì ní òwúrọ̀, ìdáhùn tí ó ṣeé ṣe jù lọ ni pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, à ń mu ún." Bí olùwádìí bá fi àmì sí ibi tí ó yẹ nínú ìwé rẹ̀, tí ó sì kọjá sí ìbéèrè tí ó kàn, ó ti ṣìnà. Ó ṣeé ṣe kí ìyá náà máà fi ẹnu kan omi ewé tíì rárá láti ọdún dé ọdún. Milo, Bournvita tàbí Ovaltine ni ó ní lọ́kàn: lẹ́búlẹ́bú inú agolo tí wọ́n fi omi gbígbóná pò, tí wọ́n da mílíìkì lé lórí, tí wọ́n sì ju hóró ṣúgà mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí. Ìyá náà kò parọ́. Etí olùwádìí kò sì di. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì lò, ṣùgbọ́n nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó dúró fún lọ́kàn oníkálukú wọn.

Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ àwàdà lásán nìyí yóò yí èrò rẹ̀ padà bí ó bá rántí pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ìlera fi ń díwọ̀n ohun tí àwọn ènìyàn ń jẹ àti ohun tí wọ́n ń mu, àti pé lórí ìdáhùn irú rẹ̀ ni wọ́n ti ń fún aláìsàn ní ìmọ̀ràn. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ń lọ. Kí ó tó débẹ̀, ó yẹ kí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà, ọ̀nà tí ó gbà wọlé, àti àwọn ohun tí ó ń mú kí ènìyàn mu tíì tàbí kí ó máà mu ún, hàn kedere.

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà

Ọ̀rọ̀ àyálò ni tíì. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí Yorùbá ti yá a, ewé igi kan ni ó kọ́kọ́ dúró fún, lẹ́yìn náà omi tí wọ́n fi ewé náà sè. Ṣùgbọ́n ní ẹnu Yorùbá, ìtumọ̀ rẹ̀ ti gbòòrò. Bí oníbàárà bá jókòó ní ìsọ̀ tí ó sọ pé òun fẹ́ tíì, ohun tí olùtajà yóò bi í ni pé, "Èwo nínú ẹ̀?" Oníbàárà lè dáhùn pé, "Milo ni," tàbí "Bournvita ni," tàbí "Lipton lásán ni." Ìyẹn ni pé orúkọ ìdílé ni tíì, Milo, Bournvita àti Lipton jẹ́ ọmọ nínú ìdílé náà. Bí ọ̀rọ̀ bá kan ewé gan-an, ó di dandan kí olùsọ̀rọ̀ fi nǹkan yán an, kí ó pè é ní Lipton, yálà ilé iṣẹ́ náà ni ó ṣe é tàbí òun kọ́.

Kì í ṣe gbogbo ohun gbígbóná tí wọ́n ń fi ife mu ni ó ń jẹ́ tíì. Ẹ̀kọ mímu gbóná, wọ́n sì ń fi ṣúgà àti mílíìkì sí i ní ọ̀pọ̀ ilé, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò pè é ní tíì. Àgbo gbóná pẹ̀lú, ewé ni wọ́n sì fi sè é, bí tíì gan-an. Kò sí ẹni tí yóò pe òun náà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ya tíì sọ́tọ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti hàn nínú ìlò, ni pé inú agolo tàbí páálí ni ó ti wá, láti ilé iṣẹ́, àti pé omi gbígbóná nìkan ni ó kù kí ó tó di mímu. Ọ̀kan péré ni ó fẹ́ da òfin yìí rú: koríko ọba, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé tíì, tí wọ́n máa ń sè mu nígbà tí ibà bá ń yọ ènìyàn lẹ́nu. Orúkọ kejì yìí fi hàn pé ìtumọ̀ àtijọ́, ti ewé, kò tíì kú pátápátá.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi èyí ṣe ẹlẹ́yà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ni ọ̀rọ̀ náà ti nà án ju bẹ́ẹ̀ lọ: ní àríwá ilẹ̀ wọn, oúnjẹ alẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní tíì, ìbáà jẹ́ ẹran àti ọ̀dùnkún ni ó wà nínú àwo.

Ọ̀nà méjì tí ọ̀rọ̀ náà gbà

Ilẹ̀ Ṣáínà ni ewé tíì ti wá, ibẹ̀ náà sì ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Àwọn tí ń sọ èdè Min ní etíkun ìhà gúúsù ìlà-oòrùn ilẹ̀ náà ń pè é ní *tê*. Àwọn oníṣòwò Dọ́ọ̀ṣì tí ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ọjà ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún gbé orúkọ yìí dé Yúróòpù. Láti inú rẹ̀ ni ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé ti jáde. Nítorí náà, Yorùbá tí ó wà ní Nàìjíríà àti èyí tí ó wà ní Kétu àti Sábẹ̀, tí ó wà lábẹ́ Faransé nígbà kan rí, ọmọ ìyá kan náà ni ọ̀rọ̀ tí ó dé ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi yòókù ní Ṣáínà, *chá* ni orúkọ rẹ̀. Èyí gba orí ilẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Páṣíà, ó di *shāy* lẹ́nu Lárúbáwá, ó sì di *shayi* lẹ́nu Hausa.

Àwọn Potogí nìkan ni wọ́n gba orí omi tí wọ́n sì mú *chá* bọ̀, nítorí pé Macao ni wọ́n ti ń ṣòwò. Ìyẹn ni ó fà á tí ó fi jẹ́ pé *chá* ni àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia bá lọ́hùn-ún, tí àwọn ọmọ wọn sì ń lò títí di òní. Ní Brazil, gbogbo ewé tí wọ́n bá rẹ sínú omi gbígbóná ni ó ń jẹ́ *chá*. Ọ̀rọ̀ kan náà yìí fẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ ewé níbẹ̀, ó fẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ agolo níhìn-ín.

Tíì, ṣúgà àti ẹrú

Nígbà tí tíì kọ́kọ́ di títà ní Lọ́ńdọ̀nù ní nǹkan bí ọdún 1657, olówó ni ó ń mu ún. Owó orí tí ìjọba bù lé e pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ tíì tí wọ́n ń mu jẹ́ èyí tí àwọn onífàyàwọ́ kó wọlé. Ní ọdún 1784, òfin kan gé owó orí náà láti ìdá 119 nínú ọgọ́rùn-ún sí ìdá 12½. Fàyàwọ́ tíì kò lérè mọ́, tíì sì ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wá bá mẹ̀kúnnù. Nígbà tí ó yá, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò gbára lé Ṣáínà mọ́. Wọ́n gbin tíì sí Assam ní Íńdíà, wọ́n sì gbìn ín sí Ceylon, tí ó ń jẹ́ Sri Lanka nísinsìnyí, láti ọdún 1867. Ní ọdún 1890 ni Thomas Lipton, ọmọ Glasgow tí ó ní ìsọ̀ oúnjẹ káàkiri, ra oko ní Ceylon tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta tíì ní owó pọ́ọ́kú. Ipasẹ̀ rẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ fi di ohun tí ìyá arúgbó ń dá ní Ọjà Ọba.

Òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í mu tíì láìfi ṣúgà sí i, ẹrú ni ó sì ń ṣe ṣúgà. Apá yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti kan Yorùbá tààrà kí Yorùbá tó mọ tíì rárá. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ ilé fọ́, tí ogun sì bo ilẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni wọ́n kó lọ sí oko ìrèké ní Cuba, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Lukumí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fòpin sí oko ẹrú ní àwọn erékùṣù tirẹ̀, ṣùgbọ́n òfin ṣúgà ti ọdún 1846 ṣí ìlẹ̀kùn fún ṣúgà tí ẹrú ṣe ní Cuba àti Brazil láti wọ ọjà Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú owó orí tí ń dín kù lọ́dọọdún. Ọdún 1846 yìí kan náà ni àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú Ajayi Crowther, fìdí kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ó tọ́ kí ènìyàn dúró díẹ̀ lórí ìbáramu yìí: bí wọ́n ti ń wàásù fún àwọn Ẹ̀gbá, ó ṣeé ṣe kí ìbátan àwọn Ẹ̀gbá náà máa gé ìrèké ní òdìkejì òkun fún ife tíì Lọ́ńdọ̀nù.

Bí ó ṣe di oúnjẹ òwúrọ̀

Àwọn Sàró tí wọ́n padà wá sí Èkó, àwọn míṣọ́nnárì, àwọn tíṣà àti akọ̀wé ìjọba ni wọ́n kọ́kọ́ sọ tíì di àmì ọ̀làjú. Ṣùgbọ́n àmì ọ̀làjú kò tó láti mú kí ará ọjà pa ẹ̀kọ àti àkàrà tì. Ohun tí ó ṣe é ni búrẹ́dì. Ọmọ Jàmáíkà kan, Amos Shackleford, tí ó wá ṣiṣẹ́ ní rélùwéè Nàìjíríà ní ọdún 1913, dá ilé iṣẹ́ búrẹ́dì sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1921. Lẹ́yìn rẹ̀ ni iṣẹ́ búrẹ́dì gbilẹ̀ títí tí búrẹ́dì Agége fi di ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Búrẹ́dì ń fẹ́ ohun tí yóò tì í sọ̀kalẹ̀ lọ́nà ọ̀fun. Tíì ni ó rí.

Àwọn ilé iṣẹ́ alágolo sì dé. Ní ọdún 1934 ni wọ́n ti ṣe Milo ní Australia; Bournvita ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wádún kan náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì; Ovaltine ti Switzerland ṣáájú àwọn méjèèjì. Kòkó wà nínú gbogbo wọn. Àgbẹ̀ Oǹdó àti Iléṣà tà kòkó fún òyìnbó, ó sì padà rà á nínú agolo ní ìlọ́po owó. Ìpolówó ọjà kò pè é ní ohun mímu lásán. Ohun tí ń fún ọmọdé lágbára ni ó pè é, wọ́n sì so ó mọ́ eré ìdárayá ní ilé ẹ̀kọ́. Láti ìgbà náà ni ìyá tí ó fún ọmọ ní tíì kí ó tó lọ sí ilé ìwé ti gbà pé oúnjẹ ni òun fún un.

Ìsọ̀ mai shayi

Ibi tí ọ̀nà orí omi àti ọ̀nà orí ilẹ̀ ti pàdé ni ìsọ̀ mai shayi, Hausa tí ń ta tíì lẹ́bàá ọ̀nà. Wọ́n dá Sábó Ìbàdàn sílẹ̀ ní ọdún 1916 fún àwọn Hausa oníṣòwò, obì sì wà lára òwò tí ó gbé wọn wá. Gbàǹja ilẹ̀ Yorùbá ń lọ sí òkè Ọya, *shayi* ń bọ̀ láti òkè Ọya. Kaféènì kan náà tí ń lé oorun lọ ni ó wà nínú àwọn méjèèjì. Ẹ̀sìn kan náà tí ó ka ọtí léèwọ̀ ni ó sì fi kún iyì àwọn méjèèjì.

Nínú ìsọ̀ yìí, kẹ́tùlù kì í kúrò lórí iná. Ewé tíì wà nínú omi, nígbà mìíràn ata ilẹ̀ àti kànáfùrù pẹ̀lú. Mai shayi yóò gbé ife méjì, yóò máa da tíì láti òkè ọ̀kan sínú èkejì títí yóò fi tutù díẹ̀ tí yóò sì hó. Bí Yorùbá oníbàárà bá ní Milo ni òun fẹ́, omi ewé yìí gan-an ni yóò fi pò ó fún un. Báyìí ni tíì eléwé àti tíì alágolo ṣe di ọ̀kan nínú ife kan, tí ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ fi túbọ̀ lọ́jú pọ̀. Awakọ̀, ọlọ́dẹ, akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ̀nyí ni oníbàárà alẹ́. Nínú oṣù Ramadan, iye wọn a máa di púpọ̀, nítorí ìṣínu àti sààrì.

Ojú ọjọ́ kò lágbára tó bí wọ́n ti máa ń rò. Lóòótọ́, tíì máa ń tà nígbà ọyẹ́ àti nígbà òjò, ṣùgbọ́n bí òtútù bá ni olórí ìdí, kò ní sí ẹni tí yóò mu ún ní oṣù kẹta. Owó lágbára ju ojú ọjọ́ lọ. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ fún ọjà, agolo ńlá ti di ohun tí ọ̀pọ̀ ilé kàn ń wò; èyí tí wọ́n dì sínú ọ̀rá kékeré, ti ẹ̀ẹ̀kan péré, ni wọ́n ń rà. Bí mílíìkì bá sì wọ́n, ṣúgà ni wọ́n fi ń dí àlàfo rẹ̀. Tíì eléwé tilẹ̀ wà tí wọ́n ń gbìn ní òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba, níbi tí ilẹ̀ ga tí ó sì tutù, Ilé Iṣẹ́ Ìwádìí Kòkó tí ó wà ní Ìbàdàn sì ní oko ìwádìí níbẹ̀. Síbẹ̀ láti òkèèrè ni èyí tí ó pọ̀ jù ti ń wọlé.

Ohun tí àṣìlóye ọ̀rọ̀ lè fà

Tíì eléwé tí kò ní ṣúgà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ohun dídùn kankan nínú. Milo àti Bournvita ní ṣúgà nínú agolo kí ẹnikẹ́ni tó ṣí i. Bí oníṣègùn bá sọ fún aláìsàn àtọ̀gbẹ pé, "Ẹ lè máa mu tíì, ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣúgà sí i," ewé ni oníṣègùn ní lọ́kàn. Aláìsàn yóò délé, yóò bu Milo ṣíbí mẹ́rin sínú ife, kò ní fi hóró ṣúgà kan sí i, ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀ pé òun ti gbọ́ràn. Nígbà tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá tún burú, wọn yóò ní aláìgbọràn ni.

Ti aláboyún tún wà. Táníìnì inú ewé tíì a máa di èròjà irin inú ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ọkà mú, kì í jẹ́ kí ara rí i gbà bí ó ti yẹ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ní kí aláboyún má fi tíì lo oògùn ẹ̀jẹ̀. Kòkó àti mílíìkì náà ń dènà irin lọ́nà tiwọn, nítorí náà ẹni tí ó gbọ́ "tíì" tí ó sì fi Milo sílẹ̀ kò pàdánù nǹkan kan. Ẹni tí ó wà nínú ewu ni èyí tí ń mu Lipton lásán pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán, tí ó rò pé òun kò mu tíì rárá, pé omi gbígbóná lásán ni òun fi ń tú ikùn.

Nítorí èyí, kò sí èrè nínú pé kí olùwádìí tàbí nọ́ọ̀sì máa tẹnu mọ́ ìtumọ̀ tí ó bá ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì mu, bẹ́ẹ̀ ni dídá orúkọ tuntun sílẹ̀ kò lè yanjú rẹ̀ kíákíá, ìbáà jẹ́ "tíì eléwé" àti "tíì alágolo" tí ó wà lókè yìí. Ife ni kí wọ́n bi ènìyàn léèrè, kì í ṣe orúkọ: kí ni ó kọ́kọ́ wọ inú ife, ṣíbí mélòó, kí ni ó tẹ̀ lé e, hóró ṣúgà mélòó, àti pé ṣé ṣáájú oúnjẹ ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀, àbí òun gan-an ni oúnjẹ náà.