Ayétòrò Létí Òkun: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Àlejò Mọ̀

Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Nítorí náà, ó yẹ kí olùkọ́, òṣìṣẹ́ ìlera, oníṣòwò, tàbí ẹnikẹ́ni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá gbé e dé Ayétòrò, kọ́kọ́ mọ irú ìlú tí ó ń lọ, bí wọ́n ti tẹ ìlú náà dó, ohun tí yóò bá níbẹ̀, àti ewu tí ó yẹ kí ó máa ṣọ́.

Etí Òkun Àtìláńtíìkì ni Ayétòrò wà, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Igbókòdá ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èrò ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú náà. Irà àti omi ni ó yí ìlú náà ká. Nítorí èyí, orí òpó igi ni wọ́n kọ́ àwọn ilé àtijọ́ lé, tí wọ́n sì fi afárá pákó ṣe òpópónà láti ilé dé ilé.

BÍ WỌ́N TI TẸ ÌLÚ NÁÀ DÓ

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1947 ni wọ́n dá Ayétòrò sílẹ̀. Àwọn ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù kan láàárín àwọn Ìlàjẹ, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Àpósítélì Mímọ́, ni wọ́n dá a sílẹ̀. Àwọn àgbà ìlú náà máa ń sọ pé inúnibíni ni ó lé àwọn baba wọn kúrò ní ilé, nítorí pé wọ́n ń wàásù lòdì sí ìbọ àti sí àṣà pípa ìbejì. Orúkọ tí wọ́n sọ ìlú náà fi ohun tí wọ́n ń wá hàn: wọ́n fẹ́ kí ayé tòrò fún wọn. Zaccheus Okenla ni ọba àkọ́kọ́ tí ó jẹ níbẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń gbé ni ó sọ ìlú náà di olókìkí. Kò sí ẹni tí ń gba owó iṣẹ́. Àpò kan ṣoṣo ni èrè iṣẹ́ gbogbo ènìyàn ń bọ́ sí, láti inú àpò yìí ni wọ́n sì ti ń pèsè oúnjẹ, aṣọ àti ibùgbé fún olúkúlùkù. Àwọn kan ń pẹja, àwọn kan ń hun aṣọ, àwọn mìíràn sì ń rán bàtà, ń ṣe búrẹ́dì, tàbí ń kan ọkọ̀. Ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí òkùnkùn ṣì ṣú bo ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ní Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn, iná mànàmáná ti ń tàn ní Ayétòrò. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n sì fi gbẹ́ ipa omi tí ọkọ̀ ń gbà wọ ìlú.

Ní òpin àwọn ọdún 1960, wọ́n yí ètò náà padà, wọ́n sì gba olúkúlùkù láàyè láti máa ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá dé Ayétòrò yóò ra oúnjẹ, yóò sì sanwó ilé gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ìlú mìíràn.

OHUN TÍ ÀLEJÒ YÓÒ BÁ NÍBẸ̀

Ẹja pípa ni olórí iṣẹ́ ìlú náà. Àwọn ọkùnrin ni ó sábà máa ń lọ sí òkun. Àwọn obìnrin ni ó ń yan ẹja àti edé, tí wọ́n sì ń kó wọn lọ sí ọjà òkè. Àwọn ọmọ ìlú ní ilé ẹ̀kọ́ tiwọn. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni ilé ẹ̀kọ́ girama Happy City College. Ìjọ ni ó dá ìlú náà sílẹ̀, ó sì yẹ kí àlejò bọ̀wọ̀ fún àṣà ìjọ àti fún ọba, ẹni tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Ogeloyinbo.

Omi mímu ni ó ṣòro jù. Omi yí wọn ká lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi iyọ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Omi òjò ni ọ̀pọ̀ ilé ń gbè sínú àgbá. Kí àlejò ra àgbá tí ó ní ìdérí, kí ó sì máa se omi kí ó tó mu ún. Aláìsàn tí àìsàn rẹ̀ bá le ní láti wọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Igbókòdá; nítorí náà, kí aboyún má ṣe dúró de ọjọ́ ìrọbí kí ó tó múra.

ÒKUN Ń JẸ ILẸ̀

Ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jù nìyí. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn títí di ìsinsìnyí, òkun ti gbé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé lọ ní Ayétòrò, pẹ̀lú ilé ìgbẹ̀bí àti ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tí àwọn baba ìlú kọ́. Ọ̀pọ̀ ìdílé ti kó kúrò lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, tí wọ́n ń sún sẹ́yìn bí omi ti ń lé wọn.

Kí ni ó fà á? Ìdí rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Yanrìn ni ó wà ní ibi púpọ̀ ní etí òkun Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ni ti agbègbè Máhìn yìí. Ẹrẹ̀ a máa rì, ìgbì a sì máa tètè fọ̀ ọ́ lọ. Lọ́nà kejì, omi òkun gbogbo àgbáyé ń ga sí i, nítorí pé ayé ń móoru. Lọ́nà kẹta, ipa omi tí wọ́n gbẹ́ nítorí epo rọ̀bì ní agbègbè Awóyè ní àwọn ọdún 1970 mú omi iyọ̀ wọ inú irà, ó sì pa àwọn igi tí gbòǹgbò wọn ń di ilẹ̀ mú.

Ní ọdún 2004, wọ́n gbé iṣẹ́ odi tí yóò dènà òkun fún agbaṣẹ́ṣe. Wọ́n tún un gbé jáde ní ọdún 2009. Síbẹ̀ odi náà kò dìde, àwọn ará ìlú kò sì dákẹ́ ẹ̀bẹ̀ wọn.

Nítorí náà, kí àlejò tí ó ń wá ibùgbé má ṣe gba ilé tí ó kọjú sí òkun, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ kéré. Kí ó bi àwọn aládùúgbò ibi tí omi dé ní ọdún tí ó kọjá. Kí ó kó ìwé ẹ̀rí àti ohun iyebíye rẹ̀ sínú àpótí tí ó ṣe é gbé. Kí ó má sì wọ ọkọ̀ láìwọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì.

Àwọn tí ó tẹ Ayétòrò dó kò rí ilẹ̀ gbígbẹ níbẹ̀. Irà ni wọ́n sọ di ìlú. Àwọn ọmọ wọn tí ó ṣẹ́kù kò tíì fi ìlú náà sílẹ̀. Olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì tí ó bá lọ bá wọn gbé wúlò fún wọn lónìí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.