"Ilé Kì Í Sá Lọ": Ìrìn Ìrọ̀lẹ́ Kan Lórí Kẹ̀kẹ́ ní Èkó

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tí ó kọjá, nígbà tí ariwo ọkọ̀ ti rọlẹ̀ díẹ̀ ní ìgboro, àwa àti ọ̀rẹ́ wa kan tí ó fẹ́ràn àwòrán yíyà ju oúnjẹ lọ gun kẹ̀kẹ́ wa jáde láti Oníkan. Òun gbé ẹ̀rọ ayàwòrán rẹ̀ kọ́ ọrùn. Àwa kò mú ohunkóhun dání bí kò ṣe ìgò omi kan, àti ìrántí kan tí ó ti ń dà wá láàmú láti ọdún mélòó kan wá. Ìrántí náà ni a fẹ́ sọ fún yín lónìí.

Yálà ẹ̀ẹ̀rùn ni tàbí òjò, láàrin agogo mẹ́fà ààbọ̀ sí agogo méje kọjá díẹ̀ ni oòrùn ń wọ̀ ní Èkó. Bí ó bá sì ti wọ̀, kò tó ìdajì wákàtí kí òkùnkùn tó bo ilẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa ní àkókò kúkúrú yìí ni ó dára jù fún àwòrán, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ti rọ̀, kò sì gún ènìyàn lójú mọ́. Ṣùgbọ́n ó ní ìnira tirẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti kéré, ojú ẹ̀rọ ní láti ṣí pẹ́ kí ó tó lè ríran. Ohunkóhun tí ó bá sì mira nígbà náà, bí èéfín ni yóò rí nínú àwòrán. Nítorí náà, àwa a di kẹ̀kẹ́ mú gírígírí, òun a ká aṣọ lé ìjókòó rẹ̀, a sì gbé ẹ̀rọ lé e lórí.

A gba ìhà Campos bọ́ sí òpópó Bámgbóṣé, ní Pópó Àgùdà, níbi tí àwọn tí ó ti oko ẹrú padà bọ̀ láti Bràsíìlì àti Kúbà tẹ̀dó sí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀gá mọlémọlé àti káfíńtà. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí iṣẹ́ ọwọ́ wọn, kí ó lọ wo Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní òpópó Martins, tí a ṣí ní ọjọ́ 4 oṣù Keje, ọdún 1894; Àgùdà ni João Baptista da Costa tí ó kọ́ ọ.

Bí a ti ń súnmọ́ Ìta Tinúbú, táyà wa bọ́ sínú kòtò kan, a sì ṣubú lulẹ̀ gbì. Orúnkún wa bó, ṣùgbọ́n kò sí ewu. Àwọn àgbà a máa wí pé, ọmọdé ṣubú, ó wo iwájú. Àgbà ṣubú, ó wo ẹ̀hìn. Àwa wo ẹ̀hìn, ojú wa sì bọ́ sí ibi tí Ilojo Bar wà rí.

Ìdílé Fernandez, tí í ṣe Àgùdà, ni ó kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà. Ní ọdún 1956 ìjọba kà á mọ́ àwọn ohun ìrántí orílẹ̀-èdè tí a gbọ́dọ̀ dá sí. Ní ọdún 2015, ní irú ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rẹ́ wa dúró níwájú rẹ̀, ó ń to ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ebi ń pa wá. Àwa, kì í ṣe ẹlòmíràn, ni a wí fún un pé, "Ilẹ̀ ti ń ṣú, ẹ jẹ́ kí a máa lọ. Ilé kì í sá lọ." Ó gbọ́ tiwa. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2016, wọ́n wó ilé náà lulẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa kò fi ọ̀rọ̀ náà bú wa rí, èyí ni ó sì ń dùn wá jù.

Ó wí pé kí a dìde, kí a máa lọ sí Marina bí a ti pinnu, kí òun lè ya Kàtídírà tí a parí ní ọdún 1946, àti ọkọ̀ ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò níbẹ̀ ní ọdún 2023. Àwa ni a kọ̀. A ti rí ilé àtijọ́ kan lọ́nà, tí ògiri rẹ̀ ti ń là, tí ìyá arúgbó kan sì ń ta ọsàn ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀. A yí kẹ̀kẹ́ padà.

A kí ìyá bí ó ti yẹ, a sì tọrọ ààyè kí a tó gbé ẹ̀rọ sókè. Ó ní, "Ẹ kú ìrìn, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kí n wé gèlè ná. Ṣé bí ẹ ti bá mi yìí ni ẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ ọmọ mi máa rí mi?" Nígbà tí yóò fi jáde, ìmọ́lẹ̀ kù díẹ̀ kí ó tán. Ọ̀rẹ́ wa ní kí ó má mira, kí ó ka oókan dé ẹẹ́ta. Ìyá kà á dé ẹẹ́wàá.

A ṣe ìlérí pé a ó mú àwòrán náà wá ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ọ̀rẹ́ wa wò wá lójú, ó ní, "Ọ̀la ni." Ní ọjọ́ kejì, bí a ti ti ibi iṣẹ́ dé, a gbé e lọ. Ìyá sún un mọ́ ojú, ó wò ó títí. Kò sọ ohunkóhun nípa gèlè rẹ̀, fèrèsé òkè ni ó fi ìka kàn, ó ní, "Yàrá yìí ni wọ́n bí mi sí."

Ẹ̀yin ará, bí kì í bá ṣe àwọn ayàwòrán bí Ọ̀gbẹ́ni N. Walwin Holm àti Ọ̀gbẹ́ni George da Costa, tí wọ́n ya Èkó ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ sẹ́hìn, kí ni àwa ìbá fi mọ bí ìlú yìí ti rí? Lónìí, ẹ̀rọ ayàwòrán wà nínú fóònù tí ó wà lápò yín. Àwòrán kò lè gbé ilé ró; ẹni tí ó bá ní agbára láti tún ilé bàbá rẹ̀ ṣe, kí ó tún un ṣe. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dá ọjọ́ mìíràn, ẹ ya ilé yín àti àwọn àgbà inú rẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ, ọjọ́ àti àdúgbò sí ẹ̀hìn àwòrán náà. Púpọ̀ ni àwòrán tí ó wà nínú àpótí wa tí kò sí ẹni tí ó mọ ojú tí ó wà nínú rẹ̀ mọ́.

Orúnkún wa ti ń jinná. Bí Ọlọ́run bá fẹ́, Marina ni a ń lọ ní ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀. Bí ebi bá tilẹ̀ ń pa wá, a kò ní sọ̀rọ̀.