Ẹ̀ṣẹ̀ Wo La Fi Ń Yọ Gómìnà?



Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ lẹ́yìn ìpàdé wa: bí àwọn aṣòfin bá fẹ́ yọ gómìnà, ẹ̀ṣẹ̀ wo gan-an ló gbọ́dọ̀ ti ṣẹ̀? Àwọn kan ní bí aṣòfin bá ti pọ̀ tó, ó parí. Bẹ́ẹ̀ kọ́ o.

Orí 188 nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ní ìwà àìtọ́ ńlá lẹ́nu iṣẹ́ ni. Ó fún un ní ìtumọ̀ méjì. Èkíní, kí gómìnà rú òfin ilẹ̀ náà lọ́nà tó burú gan-an. Èkejì, ìwà tó bá jẹ́ àìtọ́ ńlá lójú Ilé Aṣòfin. Èkejì yìí ló ń dá wàhálà sílẹ̀, torí ó jọ pé ó fi iṣu àti ọ̀bẹ lé aṣòfin lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n òfin ti la ọ̀nà tí wọn gbọ́dọ̀ tọ̀. Aṣòfin 26 ló wà ní Èkìtì. Ìdá kan nínú mẹ́ta wọn, ìyẹn 9, ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn. Ẹ bá mi ṣírò: Ìkọ̀lé 2, Ọyẹ́ 2, Ìdó-Òsì 2, Mọ̀bà 2, Iléjeméje 1. Àwọn aṣòfin agbègbè wa nìkan pé 9! Gómìnà á gba ìwé náà láàárín ọjọ́ 7. Kí wọ́n tó lè ṣèwádìí, ènìyàn 18 gbọ́dọ̀ dìbò fún un. Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ á wá yan ẹni 7 tí kì í ṣe aṣòfin, òṣìṣẹ́ ìjọba tàbí ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú. Bí àwọn wọ̀nyí bá ní ẹ̀sùn náà kò fìdí múlẹ̀, ọ̀rọ̀ tán. Bó bá fìdí múlẹ̀, ẹni 18 gbọ́dọ̀ tún fọwọ́ sí i kí gómìnà tó lọ.

Ẹ rántí oṣù kẹwàá ọdún 2006. Ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Àgbà Kayode Bamisile yàn ní àwọn kò rí ẹ̀bi Gómìnà Ayo Fayose. Dípò kí ọ̀rọ̀ tán, àwọn aṣòfin dá Adájọ́ Àgbà dúró, wọ́n fi òmíràn sípò, ìyẹn yan ìgbìmọ̀ tuntun, wọ́n sì yọ gómìnà ní ọjọ́ 16. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, Ààrẹ Obasanjo kéde ìjọba pàjáwìrì, ó fi Ọ̀gágun Tunji Olurin ṣe alákòóso. Gómìnà kò sí níbẹ̀ mọ́, Ilé Aṣòfin náà kò jókòó mọ́. Ní ọdún 2015, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní yíyọ náà kò bófin mu.

Ní Ìbàdàn náà, aṣòfin 18 nínú 32, tí wọ́n ti ṣèpàdé ní òtẹ́ẹ̀lì, ní àwọn yọ Gómìnà Rashidi Ladoja ní oṣù kìíní ọdún 2006. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 32 kì í ṣe 18, 22 ni. Ní oṣù kejìlá, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fọwọ́ sí i pé asán ni. Adájọ́ Niki Tobi ṣàlàyé pé ohun ìjà ńlá ni orí 188, àṣìṣe ńlá nìkan la fi ń yọ ọ́ lápò. Kì í ṣe fún ìjà òṣèlú.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nínú ẹgbẹ́ wa náà, bí a bá fẹ́ yọ alága tàbí akápò, ẹ jẹ́ ká kọ ẹ̀sùn sílẹ̀, ká jẹ́ kó fèsì, ká ka iye ènìyàn tó wà níjòókòó kí a tó dìbò. Bí aṣòfin yín bá sì wá kí yín lọ́jà, tó ní àwọn fẹ́ yọ gómìnà, ẹ bi í ní ìbéèrè méjì: kí ló ṣe, ṣé ẹ sì ti gbọ́ tẹnu rẹ̀?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́