Ẹgbẹ́ Ìbọ́ Lọ́wọ́ Bárakú: Àǹfààní àti Àléébù Rẹ̀ ní Mamobi, Accra

Ẹgbẹ́ ìbọ́ lọ́wọ́ bárakú ni ìpéjọpọ̀ àwọn ènìyàn tí ọtí tàbí oògùn olóró ti di bárakú fún, tí wọ́n ń pàdé lóòrèkóòrè láti ran ara wọn lọ́wọ́ kí wọ́n lè jáwọ́. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni Alcoholics Anonymous, tí Bill Wilson àti dókítà Bob Smith dá sílẹ̀ ní ìlú Akron, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1935. Ìgbésẹ̀ méjìlá ni ètò rẹ̀: ẹni tó wọlé yóò gbà pé agbára òun kò ká ọtí mọ́, yóò gbára lé agbára tó ju tirẹ̀ lọ, yóò sì tún ohun tó bàjẹ́ láàárín òun àti àwọn tó ṣẹ̀ ṣe. Narcotics Anonymous tẹ̀ lé e ní 1953 fún àwọn tó ń lo oògùn.

Ohun tó mú ẹgbẹ́ yìí yàtọ̀ sí ilé ìwòsàn ni pé ẹni tó ti rin ọ̀nà náà ló ń tọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó jìn sí kòtò, wọ́n ní, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ìpàdé kì í gba owó, kò sì ní ọjọ́ ìparí. Ẹni tí òǹgbẹ ọtí bá dé sí láàárín òru lè pe ẹni tó ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́. Èyí kì í ṣe nǹkan kékeré ní Gánà, níbi tí àwọn ilé ìwòsàn ọpọlọ ńlá ti ìjọba jẹ́ mẹ́ta péré: ti Accra, tó ṣí ní 1906, ti Ankaful àti ti Pantang, gbogbo wọn ní gúúsù. Ní 2020, àyẹ̀wò Cochrane kan kó ìwádìí 27 jọ, èyí tó kan ènìyàn 10,565. Ó rí i pé àwọn ètò tó ń darí ènìyàn sí Alcoholics Anonymous lọ́nà tó ní ìlànà mú kí àwọn púpọ̀ sí i jáwọ́ nínú ọtí pátápátá ju àwọn ìtọ́jú mìíràn tí wọ́n fi wé e. Ọtí ni àyẹ̀wò náà dá lé. A kò gbọdọ̀ fi ti oògùn kún un.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì ní Mamobi. Àdúgbò Zongo ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Nima, irú ibùgbé tí Yorùbá ń pè ní Sábó nílé. Èdè Haúsá ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀, Mùsùlùmí ló sì pọ̀ jù. Ní nǹkan bí 2017 sí 2018, ariwo tramadol gba Gánà kan, àwọn Zongo Accra kò sì gbẹ́yìn. Oògùn apàrora ni tramadol, ẹbí opium ni, èyí tí wọ́n sì ń tà ní ìgboro máa ń lágbára ju ìwọ̀n tí ìjọba fọwọ́ sí lọ. Íńdíà, níbi tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá, fi í sábẹ́ òfin oògùn olóró ní oṣù kẹrin ọdún 2018. Bí ó bá pọ̀ lára, ó lè fa gìrì. Bí ẹni tó ti jáwọ́ fún oṣù díẹ̀ bá padà sí ìwọ̀n tó ń lò tẹ́lẹ̀, ó lè kú, nítorí ara rẹ̀ kò lè gbà á mọ́. Methadone àti buprenorphine, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sínú àkójọ oògùn kòṣeémánìí ní 2005, wà fún títọ́jú irú bárakú báyìí. Síbẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ kan ka ẹni tó ń lò wọ́n sí ẹni tí kò tíì jáwọ́. Kò sí àléébù tó wúwo tó èyí, nítorí ẹ̀mí lè bá a lọ.

Àìdárúkọ pẹ̀lú, tí ẹgbẹ́ wọ̀nyí gbé ara lé, kò rọrùn ní Mamobi. Ọ̀pọ̀ ìdílé ń gbé inú agboolé kan náà, wọ́n ń pọnmi níbi ẹ̀rọ kan náà, wọ́n ń kírun ní mọ́sálásí kan náà. Ta ni kò ní mọ ohùn aládùúgbò rẹ̀? Fún obìnrin, ìtìjú náà tún wúwo ju ti ọkùnrin lọ. Ìsìláàmù sì kọ́ ènìyàn pé kí ó má tú àṣírí ẹ̀ṣẹ̀ tí Ọlọ́run ti bò fún un, nítorí náà ìjẹ́wọ́ láàárín èrò lè nira fún onígbàgbọ́ òdodo. Àwọn Mùsùlùmí kan ní Baltimore tún ìgbésẹ̀ méjìlá náà tò sí ìlànà Ìsìláàmù nígbà tí wọ́n dá Millati Islami sílẹ̀ ní 1989. Ìyẹn yanjú ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, kò yanjú ti aládùúgbò. Ènìyàn lè wọ trotro lọ ṣèpàdé níbi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò dìde sí i lóru yóò wá jìnnà.

Òfin 1019 ti ọdún 2020 dín ẹ̀rù kan kù: ẹni tí wọ́n bá ká oògùn díẹ̀ mọ́ lọ́wọ́, tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ lò ó, yóò san owó ìtanràn dípò ẹ̀wọ̀n, àfi bí kò bá rí i san.