Kíkọ Yorùbá Lórí ZX Spectrum: Ojú Ẹ̀rọ, Kásẹ́ẹ̀tì àti Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan àkọtọ́ Yorùbá, ìpàdé ìjọ CMS ní Èkó lọ́dún 1875 àti àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí lọ́dún 1974 ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń tọ́ka sí. Ohun tí wọn kì í sábà yẹ̀ wò ni irin-iṣẹ́ tí a fi ń kọ èdè náà. Ẹni tó ń lo bíró lè fi àmì síbi tó bá wù ú; ẹni tó sì ń lo táípù lè fi bíró tọ àmì sí i lẹ́yìn tó bá tẹ̀ ẹ́ tán. Kọ̀ǹpútà kò fàyè gba irú ẹ̀yìn-in-pọ̀n bẹ́ẹ̀, nítorí nọ́ńbà ló ń pa mọ́, kì í ṣe lẹ́tà.

Ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà inú ilé ayé ìgbà náà ni iṣẹ́ yìí dá lé, èyíinì ni ZX Spectrum tí ilé-iṣẹ́ Sinclair Research gbé jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kẹrin ọdún 1982. Ìbéèrè méjì ló wà nílẹ̀. Ǹjẹ́ ẹ̀rọ náà lè kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì? Bí ẹnikẹ́ni bá sì ti fi kọ ọ́ rí, ǹjẹ́ ohun tó kọ ṣeé kà lónìí?

Ìrántí 16K tàbí 48K ni ẹ̀rọ náà ní. Tẹlifíṣọ̀n ni ojú rẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì orin lásán ni a sì fi ń pa iṣẹ́ mọ́. Bí iná bá lọ, ohun tí kò tíì dé orí kásẹ́ẹ̀tì ti parẹ́ nìyẹn; ẹni tó bá gbé Ìlọrin láyé NEPA kò nílò àlàyé lórí èyí. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n kọ mọ́ ẹ̀rọ náà nínú. Ṣùgbọ́n wọ́n fi àyè 21 sílẹ̀, láti nọ́ńbà 144 dé 164, tí olùlò lè ya àwòrán tirẹ̀ sí.

Iye yìí yẹ fún àfiyèsí. Fáwẹ̀lì a, e, i, o, u pẹ̀lú ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ jẹ́ 10. Ẹ àti ọ, láìlámì ohùn, pẹ̀lú ohùn òkè àti pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀, jẹ́ 6. Ṣ jẹ́ 1. N àti m aṣesílébù, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohùn méjèèjì, jẹ́ 4. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 21 géérégé. Ó dà bí ẹni pé wọ́n fi Yorùbá wọn àyè náà, bẹ́ẹ̀ ni kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn lẹ́tà kékeré nìkan ló gba gbogbo àyè yìí, ẹyọ kan kò sì ṣẹ́ kù fún lẹ́tà ńlá. Orúkọ ìlú Ìlọrin fúnra rẹ̀ kò ṣeé kọ bó ti yẹ, nítorí Ì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ìṣòro kejì wà nínú àpótí lẹ́tà. Ìlà 8 ni àpótí kọ̀ọ̀kan ní láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kí ẹ́ tó lè hàn kedere, àmì ohùn ń fẹ́ ìlà 2, àlàfo ń fẹ́ 1, lẹ́tà e kò lè dín ní 4 kí ó máa jẹ́ e, àlàfo mìíràn ń fẹ́ 1, àmì ìdí sì ń fẹ́ 1. Mẹ́sàn-án nìyẹn. Nítorí náà, yálà kí àmì ohùn lẹ̀ mọ́ orí lẹ́tà tàbí kí àmì ìdí lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Lẹ́tà ọ rọrùn díẹ̀, nítorí ìlà 3 tó o láti jẹ́ òbìrìkìtì. Àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí, tí a bá fi POKE tẹ̀ wọ́n wọlé ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, yóò ya ọ́ tó ṣeé kà: 8, 16, 0, 56, 68, 56, 0, 16.

Ibi tí ewu ti pọ̀ jù ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. ZX Printer, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi iná jó àmì sára bébà fàdákà, ń tẹ ohun tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n gẹ́lẹ́ bó ti rí. Ẹni tó bá fẹ́ bébà gidi ní láti so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá mọ́ ọn, bí àpẹẹrẹ nípasẹ̀ Interface 1 tó jáde lọ́dún 1983. Ọ̀nà méjì ni èyí ní. Ọ̀nà “b” ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ bó ti wà. Ọ̀nà “t”, tí wọ́n ṣe fún ọ̀rọ̀ kíkọ, ń sọ gbogbo àwòrán olùlò di àmì ìbéèrè. Bí ènìyàn bá wá kọ ẹ̀kọ́ ránṣẹ́, ?k? ni yóò jáde. Ẹ̀kọ, ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ náà yóò jáde bẹ́ẹ̀ gan-an. Àdánù pátápátá ni èyí: kò sí ọgbọ́n tí ẹnikẹ́ni lè fi mọ èwo ni òǹkọ̀wé ní lọ́kàn.

Ti kásẹ́ẹ̀tì yàtọ̀ sí èyí. Bí olùlò bá pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́, àwòrán lẹ́tà kì í bá a lọ. Àṣẹ ọ̀tọ̀ ni a fi ń pa bàìtì 168 tó gbé àwòrán náà mọ́: SAVE pẹ̀lú CODE USR "a",168. Ẹni tó bá gbàgbé yóò rí ohun ìyanu lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí a bá tan ẹ̀rọ náà, lẹ́tà ńlá A dé U ló máa ń wà nínú àyè 21 wọ̀nyẹn. Bí ẹ̀ bá wà ní àyè keje tí ọ́ sì wà ní ìkẹtàlá, ẹ̀kọ́ yóò di GkM lójú tẹlifíṣọ̀n.

Ó rọrùn láti rò pé iṣẹ́ ti bàjẹ́, kí a sì ju kásẹ́ẹ̀tì nù. Àṣìṣe ńlá ni. G lásán jẹ́ nọ́ńbà 71, ṣùgbọ́n G yìí jẹ́ 150. M lásán jẹ́ 77, èyí sì jẹ́ 156. Ojú nìkan ló tan òǹkàwé jẹ, àmì ohùn kò sọnù. Ètò tó ń ṣe bíi Spectrum lórí kọ̀ǹpútà òde òní lè ka ohùn kásẹ́ẹ̀tì náà, kí a sì tú nọ́ńbà rẹ̀ síta.

Ohun tó kù ni títò nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan mọ́ lẹ́tà Unicode. Ẹ wà níbẹ̀ láti ọdún 1993 pẹ̀lú nọ́ńbà 1EB9, ṣùgbọ́n ẹ̀ kò ní nọ́ńbà tirẹ̀: ẹ ni a ó kọ́kọ́ kọ, kí a tó fi 0300, àmì ohùn ìsàlẹ̀, tẹ̀lé e. Nítorí náà, 150 kan ṣoṣo orí kásẹ́ẹ̀tì yóò di nọ́ńbà méjì. Bí òǹkọ̀wé kò bá kọ ètò àyè 21 rẹ̀ síbì kankan, àwọn ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀ bíi ní, tí àti ṣe ni ó yẹ kí a fi bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, nítorí wọn yóò tètè fi ipò í àti ṣ hàn.